Ẹ̀RỌ TÍ Ó Ń GBỌ́ KÍ Ó TÓ FÈSÌ

Ẹdẹ, ìlú tí Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná tẹ̀ dó, jẹ́ ìlú tí ènìyàn kò lè dárúkọ rẹ̀ kí ó má rántí ìlù. Ọba Adétóyèṣe Láoyè, tí ó wà lórí ìtẹ́ níbẹ̀ láti ọdún 1946 títí di ọdún 1975, fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún, òkìkí rẹ̀ sì kàn kọjá ilẹ̀ Yorùbá nítorí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti àwọn onílù rí yóò ti ṣàkíyèsí pé kì í ṣe agbára apá ni a fi ń mọ ògbóǹtagí nínú wọn, bí kò ṣe etí. Ìyáàlù ni ó ń sọ̀rọ̀. Gúdúgúdú, tí kì í sọ̀rọ̀, ni ó ń mú ìwọ̀n dúró. Kẹ̀rìkẹ̀rì àti ìṣáájú sì ń gbè é lẹ́sẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń lu tirẹ̀ láìgbọ́ ti ẹnì kejì, ariwo ni yóò kù, kì í ṣe ìlù mọ́.

Ọ̀rọ̀ etí yìí ni ó yẹ kí ènìyàn fi sọ́kàn nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ kékeré tí àwọn dókítà ń fi sí abẹ́ awọ àyà àwọn tí ọkàn wọn kò lù dáadáa mọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní pacemaker. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń bẹ̀rù rẹ̀. Àwọn kan ní ẹni tí a bá fi í sí lára ti di ẹrú ẹ̀rọ. Àwọn mìíràn ní ńṣe ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń bá Elédùmarè du ẹ̀mí. Ẹ̀rù náà kò ṣàjèjì, nítorí kò sí ohun tí ó sún mọ́ ẹ̀mí ènìyàn tó ọkàn. Ṣùgbọ́n bí àwọn tí ń bẹ̀rù bá mọ bí ẹ̀rọ náà ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, wọn yóò rí i pé ìránṣẹ́ ni ó jẹ́ fún ọkàn, kì í ṣe ọ̀gá, àti pé ìbẹ̀rù àìmọ̀ ń pa àwọn tí ẹ̀rọ ìbá ti gbà là.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ọkàn náà. Kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ìkúùkù ẹni tí ó ni ín lọ, ṣùgbọ́n kì í sinmi tọ̀sán tòru. Nínú ara àgbàlagbà tí ó jókòó jẹ́ẹ́, ó máa ń lù ní ìgbà 60 sí 100 láàrin ìṣẹ́jú kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ ìṣirò yóò rí i pé èyí tó nǹkan bí ìgbà 100,000 láàrin ọ̀sán kan àti òru kan. Ta ni ó ń pàṣẹ fún un? Ní òkè yàrá ọ̀tún ọkàn ni ìdìpọ̀ ẹran kékeré kan wà tí ó ń dá iná mànàmáná tín-ín-rín sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Iná náà yóò tàn ká àwọn yàrá òkè. Yóò dúró díẹ̀ ní ẹnu ààlà kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè sọ̀kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò gba ọ̀nà tóóró kan bọ́ sí àwọn yàrá ìsàlẹ̀. Nígbà náà ni àwọn yàrá wọ̀nyí yóò fún pọ̀, tí wọn yóò sì ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara. Ìdìpọ̀ ẹran yìí ni ìyáàlù. Ìyókù ọkàn ni oníjó.

Nígbà tí ọjọ́ bá ń gorí ọjọ́, ó lè rẹ ìyáàlù, tàbí kí ọ̀nà tóóró náà dí. Bí ó bá dí pátápátá, àwọn yàrá ìsàlẹ̀ kò ní gbọ́ àṣẹ mọ́. Wọn yóò máa fi ìlọ́ra lù fúnra wọn, bí ìgbà 20 sí 40 láàrin ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀jẹ̀ kò ní tó ọpọlọ mọ́. Òòyì yóò máa kọ́ ẹni náà, àárẹ̀ yóò máa mú un, bí ó bá sì rìn díẹ̀, yóò máa mí hẹlẹ. Nígbà mìíràn yóò ṣubú lulẹ̀ lójijì, yóò dákú, ara rẹ̀ a sì máa gbọ̀n; kò ní pẹ́ tí yóò fi jí, tí yóò máa bèèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ojú inú wo bàbá arúgbó kan ní agboolé kan ní Ẹdẹ, tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàrin oṣù kan. Ní ìgbà kìn-ín-ní, àwọn ará ilé ní oòrùn ni ó pa á. Ní ìgbà kejì, wọ́n ní wárápá ni. Wọ́n sì ya abọ́ tí ó fi ń jẹun sọ́tọ̀ nítorí wọ́n rò pé yóò ràn wọ́n, bẹ́ẹ̀ wárápá gan-an kì í ràn. Ní ìgbà kẹta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú àjẹ́ wo ìyàwó rẹ̀ kékeré. Nínú gbogbo ìpàdé tí wọ́n ṣe, kò sí ẹnì kan tí ó fi ìka méjì lé ọrùn-ọwọ́ bàbá náà kí ó ka iye ìgbà tí iṣan rẹ̀ ń sọ láàrin ìṣẹ́jú kan. Bí wọ́n bá ti kà á ni, tí wọ́n sì rí i pé kò ju 30 lọ, ìyàwó kékeré ìbá bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn, bàbá ìbá sì ti dé ọ̀dọ̀ dókítà kí ọjọ́ tó lọ. Ohun tí àìmọ̀ ń bà jẹ́ nìyẹn: ó ń pa ènìyàn, ó sì ń tú ilé ká.

Bí dókítà bá yẹ bàbá náà wò, tí ó sì rí i pé ọ̀nà àṣẹ ọkàn rẹ̀ ti dí, oògùn mímu nìkan kì í lè ṣí ọ̀nà náà padà. Ẹ̀rọ ni yóò nílò. Àpótí pẹlẹbẹ kan ni, tí ó ṣeé fi àtẹ́lẹwọ́ bò mọ́lẹ̀. Irin titanium, tí kì í dípẹtà nínú ara, ni wọ́n fi ṣe ìkarahun rẹ̀. Bátìrì àti kọ̀ǹpútà tín-ń-tín ni ó wà nínú rẹ̀. Abẹ́ awọ, ní ìsàlẹ̀ eegun tí ó so ọrùn pọ̀ mọ́ èjìká, ni wọ́n sábà ń fi í sí. Wáyà kan tàbí méjì yóò ti ibẹ̀ gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọkàn. Wọn kì í sábà la àyà ènìyàn nítorí rẹ̀.

Wáyà yìí ni etí ẹ̀rọ náà. Òun náà sì ni ẹnu rẹ̀. Iná tí ọkàn ń dá sílẹ̀ nígbà tí ó bá lù kò ju ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ìdá ẹgbẹ̀rún fólítì kan lọ, síbẹ̀ ẹ̀rọ náà ń gbọ́ ọ. Bí ó bá ti gbọ́ ọ, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò. Bí dókítà bá ti pàṣẹ fún un pé kí ọkàn má ṣe lù dín ní ìgbà 60 láàrin ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú àáyá kan géérégé ni yóò fi dúró. Bí ọkàn bá lù kí àkókò náà tó pé, ẹ̀rọ yóò pa ẹnu mọ́, yóò sì bẹ̀rẹ̀ ìkà rẹ̀ lákọ̀tun. Bí àkókò bá pé tí ọkàn kò lù, nígbà náà ni yóò fi iná díẹ̀ ta á jí. Iná náà kì í sábà ju fólítì mélòó kan lọ, kì í sì í sábà pẹ́ tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Ọkàn yóò lù. Ẹni tí ó ni ín kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ọkàn tí ó bá ń lù dáadáa láti àárọ̀ di alẹ́ kò ní gbọ́ ohùn ẹ̀rọ yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ náà kò ní yé gbọ́ tirẹ̀.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún 1958, tí ọdún kan kò tíì pé tí wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì ní Ìbàdàn, ni dókítà Åke Senning ní ìlú Stockholm, ilẹ̀ Sweden, fi ẹ̀rọ tí Rune Elmqvist ṣe sí ara Arne Larsson, ọkùnrin ẹni ọdún 43. Òun ni ènìyàn àkọ́kọ́ tí a fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sí lára pátápátá. Ẹ̀rọ náà kò ṣiṣẹ́ ju wákàtí díẹ̀ lọ tí ó fi kú, wọ́n sì ní láti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ẹ̀rọ tí Larsson lò lé ní 20. Nígbà tí ó kú ní ọdún 2001, ó ti di ẹni ọdún 86; àrùn jẹjẹrẹ ni ó sì pa á, kì í ṣe àrùn ọkàn. Dókítà tí ó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un àti ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ náà ti ṣáájú rẹ̀ lọ.

Àwọn ẹ̀rọ ìgbà náà kò ní etí. Bí a bá ti ṣe é kí ó máa lù ní ìgbà 70, ìgbà 70 náà ni yóò máa lù, yálà ọkàn ń lù tàbí kò lù. Bí ọkàn bá wá ta jí, onílù méjì ni yóò máa fa oníjó kan ṣoṣo síhìn-ín sọ́hùn-ún, èyí sì lè di ewu. Láàrin ọdún 1960 sí 1970 ni onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà, Barouh Berkovits, gbé irú èyí tí ó ń gbọ́ ọkàn kí ó tó fèsì jáde. Kì í ṣe agbára ni ó fi kún ẹ̀rọ náà, bí kò ṣe sùúrù. Láti ìgbà náà ni ó ti di ohun tí ènìyàn lè fi ọkàn tán.

Àwọn onímọ̀ kò sì dúró níbẹ̀. Ọkàn tí ara rẹ̀ dá máa ń yára nígbà tí àgbẹ̀ bá ń gbé ẹrù iṣu gun òkè, a sì máa rọra nígbà tí ó bá sùn. Nítorí náà, wọ́n fi ohun kékeré kan sínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí tí ó ń mọ̀ bí ara ti ń mì. Òmíràn tilẹ̀ ń mọ bí ènìyàn ti ń mí sínú tí ó ń mí síta. Bí ẹni tí ó ni ín bá dìde tí ó ń yára rìn lọ sí ọjà, ẹ̀rọ yóò mú ìlù yá. Bí ó bá jókòó, yóò dẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀rọ mìíràn wà tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún èyí, tí wọ́n ń pè ní ICD. Michel Mirowski àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ṣe é. Inú oṣù Kejì ọdún 1980 ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí ara ènìyàn ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà. Àìsàn tí ó ń ṣọ́ ni èyí tí ọkàn fi ń sáré lódìlódì tàbí tí ó ń gbọ̀n láìlè ti ẹ̀jẹ̀ jáde. Òun náà yóò kọ́kọ́ gbọ́, yóò kà, yóò sì wádìí. Ó lè gbìyànjú láti fi ìlù wẹ́wẹ́ tu ọkàn nínú. Bí ìyẹn kò bá ràn án, yóò fi iná líle kan gbá a kí ó lè padà sí ipò rẹ̀.

Àwọn ọmọ tí ó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù lè rí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí nínú ìtàn agbábọ́ọ̀lù méjì. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1989, ní pápá ìṣeré ńlá ní Súrùlérè, Èkó, Samuel Okwaraji ṣubú lulẹ̀ nígbà tí Nàìjíríà ń bá Àǹgólà gbá bọ́ọ̀lù, kò sì dìde mọ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2021, Christian Eriksen ṣubú bákan náà ní ìlú Copenhagen nígbà tí Denmark ń bá Finland gbá. Wọ́n sáré tẹ àyà rẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀rọ oníná tí ó wà nítòsí ta ọkàn rẹ̀ jí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ICD sí i lára; nígbà tí yóò fi di oṣù Kejì ọdún 2022, ó ti padà sórí pápá. Kò sí ẹni tí ó lè búra pé irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ìbá gba Okwaraji là, nítorí ọkàn kì í ṣàìsàn ní ọ̀nà kan náà. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ẹni tí ìtọ́jú wà ní ìtòsí rẹ̀ àti ẹni tí kò sí nítòsí kò fara sin fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ wá gbọ́ àwíjàre àwọn tí kò fẹ́ ẹ̀rọ yìí. Èkíní ni ti àyànmọ́. Wọ́n ní ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé, kí ó máa lọ. Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ní Ẹdẹ ni ó jọ gbà pé ọwọ́ Ọlọ́run ni ẹ̀mí wà. Ṣùgbọ́n ta ni ó sọ fún àwọn ará ilé pé ọjọ́ bàbá ti pé? Àwọn àgbà ní àrùn ni à á wò, a kì í wo ikú. Ẹni tí ojú rẹ̀ bàìbàì ń lo awò, kò sí ẹni tí ó pè é ní ọ̀tá Elédùmarè. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lágbára ń tẹ ọ̀pá, kò sí ẹni tí ó ní ó ń bá àyànmọ́ jà. Ọ̀pá ni ẹ̀rọ yìí jẹ́ fún ọkàn. Kò lè dá ikú dúró, nítorí ọkàn tí ó ti kú kì í jó sí ìlù kankan, bí ẹ̀rọ tilẹ̀ ń lu tirẹ̀ lọ.

Èkejì ni pé ẹ̀rọ yóò máa darí ènìyàn. Ohun tí a ti sọ ṣáájú ti fèsì sí èyí. Ẹ̀rọ tí ó ń dákẹ́ nígbàkúgbà tí ọkàn bá ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, báwo ni a ṣe lè pè é ní ọ̀gá? Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni kò ní irú ìwà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ó lágbára jù, òun sì ni ọ̀rọ̀ owó. Òótọ́ ni pé owó ẹ̀rọ náà ju agbára ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ àti oníṣòwò kéékèèké lọ. Ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkẹjà, nǹkan bí ènìyàn 50 péré ni wọ́n fi í sí lára láàrin ọdún márùn-ún tí ó parí sí ọdún 2012, ní ìlú tí ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn ń gbé. Kò lè jẹ́ pé àwọn wọ̀nyí nìkan ni ọkàn wọn ń rọ lù. Àwọn ìyókù ń bẹ nínú ilé, tí wọ́n ń ṣubú tí wọ́n ń dìde, títí wọn kò fi ní dìde mọ́.

Nítorí ọ̀rọ̀ owó yìí ni àwọn dókítà kan ní Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà ṣe dábàá pé kí a gba ẹ̀rọ lára àwọn tí ó ti kú, bí ẹbí wọn bá yọ̀ǹda, kí a fọ̀ ọ́ mọ́, kí a dán bátìrì rẹ̀ wò, kí a sì fi í ran àwọn tí kò lówó lọ́wọ́. Wọ́n dán an wò lára àwọn aláìsàn tí iye wọn súnmọ́ 300 ní orílẹ̀-èdè méje, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Nígbà tí wọ́n kéde àbájáde rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ẹ̀rọ tòkunbọ̀ náà kò ṣe dín sí tuntun láàrin oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ṣọ́ wọn. Àwọn kan yóò ní ìwọ̀sí ni, pé ohun tí wọ́n kọ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n ń kó wá síhìn-ín, nítorí àwọn tí ó ń ṣe ẹ̀rọ náà ti kọ ọ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni kí ó lò ó. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Aláìsàn gbọ́dọ̀ mọ ohun tí a fẹ́ fi sí i lára, òun fúnra rẹ̀ ni kí ó sì gbà á tàbí kí ó kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ìlú tí ó ń gun ọkọ̀ tòkunbọ̀, tí ó sì ń wọ bọ̀síkọ̀rọ̀, kò gbọ́dọ̀ wá fi ìgbéraga pa arúgbó tí kò ní òmíràn. Kí a gbà á gẹ́gẹ́ bí afárá, kí a má sọ ọ́ di ilé. Ẹ̀tọ́ ìjọba ni láti rí i pé lọ́jọ́ iwájú, ọmọ Nàìjíríà lè rí tuntun gbà láìta ilẹ̀ bàbá rẹ̀.

Ẹ̀rọ yìí sì ní àbùkù tirẹ̀. Kòkòrò àrùn lè wọ ojú ọgbẹ́. Wáyà lè yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀. ICD lè ṣi ìlù gbọ́ kí ó fi iná gbá ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Bátìrì rẹ̀ a máa tán lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n a sì ní láti pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó ní in kò gbọdọ̀ ki fóònù sínú àpò àyà níbi tí ẹ̀rọ wà, kò sì gbọdọ̀ pa ọjọ́ tí dókítà dá fún un jẹ. Nítorí náà, ilé ìwòsàn tí yóò máa fi í sí ènìyàn lára nìkan kò tó. A nílò àwọn tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ títí ayé ẹni náà. Ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí fún àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ lónìí nìyí. Dókítà ni a ń fẹ́, nọ́ọ̀sì ni a ń fẹ́, onímọ̀ iná mànàmáná ni a ń fẹ́ pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n kò dìgbà tí ọmọ bá di dókítà kí ó tó lè ṣe nǹkan. Ìka méjì ni ó gbà, àti aago kan, àti ìṣẹ́jú kan. Bí bàbá tàbí ìyá àgbà bá ń dákú nínú ilé, kí ọmọ náà di ọrùn-ọwọ́ wọn mú, kí ó dákẹ́, kí ó sì kà. Bí iye náà bá kéré jọjọ, kí ó sọ ọ́ fún àwọn àgbà láìbẹ̀rù, kí wọ́n lè gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí wọn yóò dá lẹ́bi. Ẹ̀rọ tí kò ní ẹ̀mí ti kọ́ láti gbọ́ kí ó tó fèsì. Kò yẹ kí ọmọ ènìyàn, ọmọ Ẹdẹ pàápàá, ṣe aláìmọ ohun tí ẹ̀rọ mọ̀.